Èémí Ìyàwó Mi Ju Tèmi Lọ

Ìyàwó mi ló mú ìwé náà bọ̀ láti mọ́sáláṣí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wa ní Peckham nígbà tó nà án sí mi. Yunifásítì kan ló kọ ọ́. Wọ́n ń wá àwọn tọkọtaya tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ń gbé ní apá ọ̀dọ̀ wa ní gúúsù London, kí wọ́n wá gun kẹ̀kẹ́ kan tí kì í kúrò lójú kan, kí ẹ̀rọ lè wọn ibi tí agbára èémí wọn mọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa rìn déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọ́n á sì padà wá kí wọ́n tún wọ̀n wọ́n.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí. "Ṣebí eléré ìje ni yín."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Eléré ìje ni mí lóòótọ́ nígbà kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Ìṣẹ́yìn, kò sí ọmọkùnrin tó lè bá mi sá yípo pápá lẹ́ẹ̀mejì kó má fi èémí sílẹ̀ lọ́nà. Mo ti sọ ìtàn eré àṣekágbá tí mo sá lọ́dún tí mo jáde fún ìyàwó mi láti ìgbà tí mo ti ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ó mọ ìtàn náà débi pé bí mo bá fo ibì kan, òun ló ń rán mi létí. Inú mi dùn sí ìwé yẹn gan-an. Mo rò pé ẹ̀rọ òyìnbó fẹ́ wá jẹ́rìí sí ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí mi ò rò ni pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi jókòó wa bọ́ọ̀sì. Nǹkan tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ọ́ lójú, ikùn mi sì wà lára ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Àtàláátà kan tí àwa méjèèjì ò níṣẹ́ la lọ. Ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ló gbà wá, nítorí ìyàwó mi ti kọ̀wé ṣáájú pé obìnrin lòun fẹ́ kó lẹ wáyà mọ́ òun láyà. Kẹ̀kẹ́ náà wà láàárín yàrá, kò ní táyà, wọ́n ti kàn án mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú rọ́bà kan tí wọ́n so ọ̀pá rírọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà ṣàlàyé pé gbogbo èémí tí a bá mí sínú àti èyí tí a bá mí síta ni ẹ̀rọ yóò máa kà. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, òun á máa mú kẹ̀kẹ́ náà le sí i, ara á sì máa bèèrè ọ́síjìn sí i, títí a ó fi dé ibi tí ara ò ti lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ibẹ̀ ni òpin agbára èèyàn. Nọ́ḿbà tó bá jáde níbẹ̀ ni òun ń wá.

Kó tó di pé a gun nǹkan kan, ó bi wá ní ìbéèrè nípa bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé wa. Ó bi ìyàwó mi pé ọjọ́ mélòó ló máa ń rìn láàárín ọ̀sẹ̀, kó lé ní ogún ìṣẹ́jú.

"Ọjọ́ márùn-ún," ìyàwó mi dáhùn. "Ní àlọ àti ní àbọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọ̀dọ́bìnrin náà pé rárá o, bọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell, ilé-iṣẹ́ wa sì máa ń fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì ọ̀fẹ́ tó lè fún ẹnì kan nínú ilé rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní káàdì yẹn. Èmi ni mo lọ gbà á, èmi ni mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ìyàwó mi wo ilẹ̀. "Dádì, mo máa ń rìn ni," ó wí lédè Yorùbá, jẹ́jẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin."

Mi ò lè sọ bó ṣe dùn mí tó. Ọdún mẹ́rin! Ẹni tó ń jáde nílé mi láràárọ̀, mi ò mọ ohun tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Mo bi í pé kí ló ṣe bọ́ọ̀sì. Ó ní kò sóhun tó ṣe é, ariwo inú rẹ̀ ló pọ̀, òun sì fẹ́ràn láti máa ka tẹ́súbáà òun lọ́nà kí òun tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí èmi kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn fún mi bí ẹni ń mu omi. Mò ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ìyàwó mi, mo fẹ́ kó rí mi. Ìwé kan wà lára ògiri tí wọ́n to nọ́ḿbà sí, láti ibi tí nǹkan ti rọrùn dé ibi tó ti le kọjá àlà. Torí pé èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ nínú ìbòmú, ìka lo máa fi tọ́ka sí bó ṣe rí lára rẹ. Nígbà tó di ìṣẹ́jú keje, itan mi ti ń gbóná bí ẹni da ata sí i, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ "ó le díẹ̀" sí ni mo tọ́ka sí. Ojú ò jẹ́ kí n tọ́ka sí òótọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Mi ò pàṣẹ fún un. Ó kàn dúró ni.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nọ́ḿbà mi.

Ìyàwó mi tún híjáàbù rẹ̀ dì kó fún mọ́ ojú, kí ìbòmú náà lè jókòó dáadáa lórí rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó di ojú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe ń lọ. Kò wo ẹnì kankan, kò wo aago. Nígbà tó dé ìṣẹ́jú tí èmi ti sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé agbára ṣì kù lára rẹ̀. Mo gbójú sókè wo àjà. Mò ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí kẹ̀kẹ́ náà, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Dúró. Ó tó. Dúró báyìí." Ọlọ́run gbọ́, ohun tí mò ń sọ nìyẹn sí ìyá ọmọ mi.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tirẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní fún obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, ó dára gan-an ni. Ó ti pàtẹ́wọ́ fún èmi náà o, àmọ́ ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó jẹun tán.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, mo yọ fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ti sọ fún wa pé ohun tí nọ́ḿbà náà ń kà ni ọ́síjìn tí ara lè lò láàárín ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín in sí ìwọ̀n kílò tí èèyàn wúwo tó. Ibi tí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Mo wúwo jù ú lọ dáadáa.

"Mọ́mì, gbọ́," mo wí. "Bí wọn ò bá pín in sí kílò, tèmi ló pọ̀ jù. Mò ń mu ọ́síjìn jù ọ́ lọ."

Ó wo nọ́ḿbà tó wà lójú fóònù mi. "Bọ́ọ̀sì yìí náà ń mu epo ju mọ́tò kékeré lọ," ó fèsì. Ó wá rí ojú mi, ó sì pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mò ń dàgbà, obìnrin nìkan ni mo máa ń gbọ́ pé ó ń jowú. Bí ọkùnrin bá ní in lára, orúkọ mìíràn ni wọ́n máa ń fún un: wọ́n á ní ó ń bínú, wọ́n á ní iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Èmi náà ń pe tèmi ní àárẹ̀. Ọmọbìnrin wa tó wà ní yunifásítì ní ìlú mìíràn pè wá lójú fóònù lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un, èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé a lọ ṣe ìdánwò. Ó ní, "So, ta ló win, Dádì?" Mo ní kì í ṣe ìdíje. Ó kígbe lọ́nà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ń gbà sọ Yorùbá, tí gbogbo ọ̀rọ̀ á dọ́gba lẹ́nu wọn: "Mọ́mì na ẹ! Mọ́mì na ẹ, abi? That's mad!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo gbé fóònù náà fún ìyá rẹ̀, mo wọlé lọ sùn lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé mọ́sáláṣí. Mi ò mọ ẹni tó gbé e débẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó mi ní kóòṣì. Wọ́n ní kó máa kó àwọn lọ rìn ní pápá Peckham Rye láàárọ̀ ọjọ́ Àlàádì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti tó mẹ́rìnlá. Fóònù rẹ̀ ò sinmi mọ́, bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò bàtà ránṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Ó ra bàtà ìrìn tuntun kan, funfun, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Mo ní àwọ̀ rẹ̀ ò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Mo ní iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀. Mo ní ta ló pa fèrèsé yìí dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá ẹ̀sùn kiri nínú ilé ara mi.

Èmi náà wá lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan nítòsí Rye Lane, lókè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta irun. Mo sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n fún mi ní wákàtí kún iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ. Mo máa ń gun ẹ̀rọ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ kó yára ju bó ti yẹ lọ, torí ọmọkùnrin Ìṣẹ́yìn ìjọ́sí ni mo rò pé ó wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbá mi sẹ́yìn, mo fi orúnkún gúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Arákùnrin kan fà mí dìde, ó ní, "Uncle, easy." Mo dé ilé, mo ní mo yọ̀ ṣubú ní gáréèjì. Ìyàwó mi fi omi gbígbóná jó orúnkún náà fún mi. Kò béèrè bí gáréèjì ṣe ń yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tó kù tí mo ṣe, ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ Àlàádì kan, ìyàwó mi ti múra tán, ó ń so okùn bàtà funfun yẹn. Oòrùn ràn. Ó ń kọrin sínú. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ, nǹkan kan sì lọ́ mi nínú, àmọ́ kì í ṣe inú tí wọ́n fi ń jẹun. Mo pè é. Mo ní inú ń run mí, pé ó ń gún mi bí ọ̀bẹ.

Ó bọ́ bàtà náà. Ó pe àwọn obìnrin yẹn lórí fóònù pé kí wọ́n máa lọ, pé ara bàbá ò yá. Ó po ògì fún mi, ó gbé e wá sórí ibùsùn, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Mo mu gbogbo rẹ̀. Ó gbóná, ó dùn. Mò ń wo oòrùn lára kọ́tìnnì, mo mọ̀ pé àwọn mẹ́rìnlá wà ní pápá láìsí ẹni tó ń ṣíwájú wọn, ara sì tù mí. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀. Ara tù mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i lójú ọ̀nà. Ìparọ̀ iṣẹ́ gbé mi sí ọkọ̀ tó ń gba Peckham Road lọ sí Camberwell Green láàárọ̀, ọ̀nà tí mi ò tíì wa ọkọ̀ gbà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ kún, gbogbo èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣàdédé rí obìnrin kan níwájú lẹ́bàá ọ̀nà, ó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù bíi ti ìyàwó mi. Kí n tó mọ̀ pé òun ni, mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé obìnrin yìí mọ ìrìn ín rìn. Èjìká rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń jù jẹ́jẹ́, ó ń lọ bí ẹni tí ọ̀nà ń pè. Mo kọjá rẹ̀. Iná dá mi dúró, ó kọjá mi. Mo tún bá a. Mo dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù, èrò ń wọlé, ó tún ti lọ síwájú. Báyìí la ṣe títí dé Camberwell Green. Kò wo bọ́ọ̀sì rárá. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn nínú ilé wa. Mo fẹ́ fọn fèrè ọkọ̀, mo gbọ́wọ́ lé e, mi ò fọn ọ́n. Ká ní ọkùnrin kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bá jà. Kò sẹ́ni kankan. Mò ń jowú ojú ọ̀nà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, a padà sí yunifásítì. Èmi ni mo tún kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tọ́ka sí òótọ́ lára ògiri. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ojú mi fi ń ṣú, títí itọ́ fi kún inú ìbòmú. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ti fi méjì kún un. Mi ò tíì dé ibi tí ìyàwó mi dé lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ mo ti ń lọ.

Ó kan ìyàwó mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò di ojú. Ó ń wò mí. Mo jókòó sórí àga, tówẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn mi, mi ò sì mọ irú ojú tí mò ń fi wò ó. Mo ti gbìyànjú láti rántí, mi ò rí i rántí. Ó ṣáà wò mí. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, ó gbọ́wọ́ sókè pé ó ti rẹ òun. Wọ́n tú ìbòmú kúrò lójú rẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n.

Mo dìde. Mo rò pé mo fẹ́ kí i ni, àmọ́ ayọ̀ ló gbé mi dìde. Ọ̀kan péré ni mo fi jù ú lọ, kì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, bákan náà ló máa rí lára mi. Mo ní, "Mọ́mì, o gbìyànjú."

Ọ̀dọ́bìnrin náà ò tíì kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ń wo ìlà méjì tó wà níbẹ̀. Ó bi ìyàwó mi bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún, bóyá àyà ń fún un. Ìyàwó mi ní rárá. Ó wá ṣàlàyé fún àwa méjèèjì pé ara máa ń ṣe àmì kan bó bá ti ń dé òpin agbára rẹ̀: afẹ́fẹ́ burúkú tí à ń mí síta á wá pọ̀ ju ọ́síjìn tí à ń lò lọ. Ó ní tèmi ti kọjá ibẹ̀ dáadáa, ó sì hàn pé mo lo gbogbo ohun tí mo ní. Ó yí ojú sí ìyàwó mi. "Tìẹ ò tíì dé ibẹ̀ rárá," ó wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "O ṣì ní púpọ̀ nínú nígbà tí o dúró. Mi ò lè ka nọ́ḿbà yìí sí tìẹ."

Ìyàwó mi ń fi ọwọ́ tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. Mo wò ó, kò wò mí. Ayọ̀ tó gbé mi dìde, ibẹ̀ náà ló já mi sí.

A jókòó sórí àga gígùn kan níta. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni."

"Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ̀rọ ní kò tíì rẹ̀ ọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Dádì, ẹ fẹ́ kí n borí yín lẹ́ẹ̀kejì, kí iyọ̀ má sí nínú ọbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mìíràn?"

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ti ká ọ̀rọ̀ náà jọ tipẹ́ ló ń tú u. Ó ní òun mọ̀ nípa jíìmù, ṣebí òun lòun ń fọ aṣọ mi, ta ló ń làágùn báyẹn nídìí bọ́ọ̀sì? Ó ní òun mọ̀ pé inú ò run mí lọ́jọ́ Àlàádì ìyẹn. "Ẹni tí inú ń run kì í mu ògì tán kó tún béèrè bóyá ó kù."

"Kí ló dé tí o ò lọ, nígbà tí o mọ̀?"

"Ẹ pè mí ni," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti pè mí gbẹ̀yìn."

Mo bo ojú mi. Ó jẹ́ kí n bò ó fún ìgbà díẹ̀, kò fọwọ́ kàn mí. Ó wá sọ ohun kan tí mi ò retí. Ó ní, "Ẹ ti sọ ìtàn eré yín fún mi títí ó fi di tèmi. Ṣé ẹ ti bi mí rí bóyá èmi náà sáré?"

"Ṣé o sáré?"

"Mi ò sáré. Bàbá wa ní ọmọbìnrin òun ò ní wọ ṣòkòtò péńpé níwájú ọkùnrin. Ẹ̀bá pápá ni mo máa ń jókòó sí, màá máa bá àwọn tó ń sáré mú aṣọ. Mo mọ̀ pé mo lè lé wọn bá. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, màá máa bínú sí gbogbo wọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nítorí náà, mo dá a mọ̀ nígbà tí mo rí i lójú yín. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní in."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ pé kó má bínú, mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan orúnkún. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní kó jẹ́ ká padà wọlé lọ bẹ ọ̀dọ́bìnrin yẹn pé kó tún un wọ̀n. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi nọ́ḿbà ṣe, ṣé wọ́n ń fi í se ọbẹ̀ ni? Mo ní kì í ṣe nítorí tèmi. Ó wá ní, "Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀dọ́bìnrin náà fún wa ní ọjọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ kejì, pé kí ara ìyàwó mi lè sinmi. Mo tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n gbà kí n dúró nítòsí kẹ̀kẹ́. Ó di ojú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti le, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀: "Má dúró o! Tẹ̀ ẹ́! Ó kù díẹ̀, tẹ̀ ẹ́!" Òyìnbó yẹn ń pariwo tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Màá parọ́ bí mo bá ní owú náà ti lọ. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ àyà mi gan-an, bí mo ṣe ń pariwo ló ń ta mí. Mo ṣáà ń pariwo lọ. Ìyàwó mi tẹ kẹ̀kẹ́ náà títí ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí fi jáde láti inú ìbòmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

A gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò lè sọ̀rọ̀. Mo gbé omi sí i lẹ́nu, ó mu díẹ̀, ó da díẹ̀ sára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó mi orí, kò sọ fún mi. Mo jókòó tì í nílẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin bi mí ní ìta mọ́sáláṣí pé báwo ni ti ẹ̀rọ yẹn ṣe parí. Mo ní èémí ìyàwó mi fi márùn-ún ju tèmi lọ. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, ọ̀kan nínú wọn ní èmi ni wọn ìbá máa pè ní ìyàwó. Ó dùn mí, àmọ́ mo lè gbà á.

Mo bẹ ìyàwó mi pé kó jẹ́ kí n máa bá a rìn lọ síbi iṣẹ́ láwọn ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó rò ó, ó ní rárá. Ó ní ọ̀nà ọsibítù jẹ́ ti òun nìkan, kí n má bínú. Àmọ́ bí mo bá fẹ́, ká máa jáde lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń gba ọ̀nà Brockley, níbi tí òkè ti pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ṣáájú mi dé orí òkè kan, orúnkún mi sì ń dùn mí. Mo pè é pé kó dúró. Ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo ọ̀kánkán níbi tí èmi ò tíì lè rí.

"Kí lo rí?" mo bi í láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀," ó wí. "Ẹ ò ní pẹ́ rí i."